Ta Ló Wà Níbẹ̀ Nígbà Tí Ilẹ̀ Ń Se Epo?

Ní Agbabu, ní ìjọba ìbílẹ̀ Òdìgbó, ìpínlẹ̀ Oǹdó, ọ̀dà ń sun jáde láti inú ilẹ̀ fúnra rẹ̀. Bí oòrùn bá mú lọ́sàn-án, ó máa ń rọ̀, ó máa ń dán, á sì lẹ̀ mọ́ bàtà ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́. Bí ilẹ̀ bá ṣú tí ara ilẹ̀ tutù, á tún le. Ẹ bu iyanrìn tó ti mu ún yó sọ́wọ́: ó dúdú, ó wúwo, òórùn títì tuntun ló ń rùn, ẹ ó sì fọ ọwọ́ títí kó tó kúrò lábẹ́ èékánná.

Ní 1908, ilé-iṣẹ́ Nigerian Bitumen Corporation, tí John Simon Bergheim jẹ́ olórí rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ kànga káàkiri agbègbè yìí láti wá epo rọ̀bì. Ọ̀dà pọ̀ níbẹ̀, àmọ́ wọn kò rí epo tó tó ọjà. Bergheim kú ní 1912, ogun àgbáyé kìíní bẹ́ sílẹ̀ ní 1914, iṣẹ́ náà sì dúró.

Ohun tí wọ́n ń wá ti kọjá lọ kí wọ́n tó dé. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn onímọ̀ jiọ́lọ́jì tó ti yẹ ọ̀dà yìí wò gbà pé epo tó ń ṣàn ni tẹ́lẹ̀ rí, àti pé kì í ṣe Agbabu ni wọ́n bí i sí. Ibi tó jìn nísàlẹ̀, ní ìhà òkun, ló ti gbéra, ó gba inú iyanrìn gòkè díẹ̀díẹ̀ títí ó fi súnmọ́ ojú ilẹ̀. Ibẹ̀ ni omi òjò àti kòkòrò àìfojúrí ti pàdé rẹ̀. Àwọn kòkòrò yẹn jẹ èyí tó fúyẹ́ nínú rẹ̀, òmíràn bá afẹ́fẹ́ lọ, èyí tó wúwo tí kò ṣeé jẹ ló ṣẹ́ kù fún wa.

Àwọn kan wà tí iṣẹ́ wọn ni láti jókòó ti kọ̀ǹpútà kí wọ́n ṣírò ìbẹ̀rẹ̀ irú ìrìn bẹ́ẹ̀: òkúta wo ló bí epo náà, ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀ sí í bí i, ooru rẹ̀ ti pọ̀ tó, mélòó ló jáde, mélòó ló há sínú òkúta. Àwòṣe ni wọ́n ń pe ohun tí wọ́n ń ṣe. Ó pẹ́ tí mo ti ń ro iṣẹ́ yìí. Owó tó wà nídìí rẹ̀ kọ́ ló fà á. Ìbéèrè kan ló wà nínú rẹ̀ tó kàn gbogbo wa. Nígbà tí nǹkan wọ̀nyí ṣẹlẹ̀, èèyàn kankan kò tíì sí láyé. Kí wá ni ìtumọ̀ pé a mọ̀ ọ́n? Bí a bá sì mọ̀ ọ́n lóòótọ́, ṣé ọ̀rọ̀ kan wà nínú rẹ̀ fún wa, àbí òkúta lásán ni?

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí ọ̀rọ̀ ṣe rí. Àwọn ohun ẹlẹ́mìí kéékèèké tí ojú lásán kò lè rí ń gbé nínú òkun àti adágún. Wọ́n ń kú lójoojúmọ́. Èyí tó pọ̀ jù nínú òkú wọn ni àwọn ẹ̀dá mìíràn ń jẹ, tàbí kó jẹrà padà sínú omi; èyí tó ń ríbi wọlé sínú ẹrẹ̀ kò tó ẹyọ kan nínú ọgọ́rùn-ún. Níbi tí ọ́síjìn bá ti wọ́n nísàlẹ̀ omi, èyí tó ń là á máa ń pọ̀ díẹ̀ sí i. Ẹrẹ̀ tuntun á bò ó, òmíràn á tún bo ìyẹn, títí gbogbo rẹ̀ á fi di òkúta amọ̀. Nígbà náà, òkú inú rẹ̀ á ti di ohun dúdú kan tí kò yọ́ nínú omi, tí kò sì yọ́ nínú kẹ́míkà tó ń yọ́ ọ̀rá. Kẹ́rójìn ni wọ́n ń pè é. Kẹ́rójìn kì í ṣe epo. Ó lè wà nínú òkúta fún ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù ọdún kí ẹ̀kán epo kan má ti ara rẹ̀ jáde, bí kò bá ti rí ooru.

Ìsàlẹ̀ ni ooru ti ń wá. Ní ọ̀pọ̀ ibi láyé, bí èèyàn bá fi kilómítà kan wọlé sí i, ooru á fi nǹkan bí dígírì Celsius 25 sí 30 pọ̀ sí i. Nígbà tí òkúta bá rì dé ibi tí ooru ti tó bí 60, kẹ́rójìn á bẹ̀rẹ̀ sí í já sí wẹ́wẹ́, epo á sì máa ti ara rẹ̀ wá. Bí ooru bá kọjá bí 150, epo fúnra rẹ̀ á máa fọ́ di gáàsì.

Ẹni tó bá ti dúró ti àwọn ìyá wa nígbà tí wọ́n ń se àdín ti rí ohun tó fara jọ èyí: èkùrọ́ nínú ìkòkò gbígbóná, èéfín tó ń ta ni lójú, òróró tó ń sun jáde, èkùrọ́ tó ń dúdú bọ̀. Àmọ́ ká má jẹ́ kí àfiwé yìí tàn wá jẹ. Òróró ti wà nínú èkùrọ́ kí iná tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Iná kàn lé e jáde ni. Epo rọ̀bì kò sí nínú kẹ́rójìn. Ooru àti ọjọ́ ló dá a. Ibi àkọ́kọ́ tó yẹ ká ti dúró rò nìyí. Ó ti mọ́ wa lára láti máa rò pé ohun gbogbo tó jáde ti wà níbì kan tẹ́lẹ̀, pé ó kàn fara pamọ́ ni. Epo kò fara pamọ́ síbì kankan. Kò sí rárá, ó sì wá wà.

Báwo la ṣe mọ̀ pé òkú ẹlẹ́mìí ló dà á? Ní àwọn ọdún 1930, Alfred Treibs, onímọ̀ kẹ́mísìrì ará Jámánì, rí àwọn èròjà kan nínú epo rọ̀bì tí ìrísí wọn fi hàn pé ara ohun tó ń mú kí ewé ní àwọ̀ ewé ni wọ́n ti wá. Nílé wa níbí, C. M. Ekweozor àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí lórí epo Niger Delta jáde ní 1979. Èròjà kan tí wọ́n ń pè ní oleanane pọ̀ nínú epo agbègbè náà, ara igi àti ewéko tó ń yọ òdòdó lórí ilẹ̀ ló sì ti ń wá. Ìyẹn ni pé igbó kan wà nígbà kan, odò gbé ewé rẹ̀ lọ sínú òkun, igbó náà pa rẹ́, ẹ̀rí rẹ̀ sì ṣì wà nínú àgbá epo tí wọ́n ń kó sọ́kọ̀ lónìí.

Ẹ̀rí nìyẹn. Ìtàn kò tíì sí níbẹ̀. Ẹ̀rí ń sọ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Kò sọ bó ṣe pẹ́ tó, kò sọ ìgbà tó ṣẹlẹ̀. Láti rí ìyẹn, wọ́n ní láti mú òkúta náà wọ yàrá ìwádìí, kí wọ́n tún un sè.

Wọ́n á lọ òkúta náà kúnná, wọ́n á wọn ìwọ̀n bí ìdá kan nínú mẹ́wàá gíráàmù kan, wọ́n á gbé e sínú ẹ̀rọ tí àwọn ará Faransé ṣe jáde ní àwọn ọdún 1970, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Rock-Eval. Ẹ̀rọ náà á mú ooru dé 300, láìjẹ́ kí ọ́síjìn wọlé kó má baà jóná. Ohun tó kọ́kọ́ jáde ni epo tí ilẹ̀ ti ṣe sílẹ̀, òun ni ìlà kìíní. Lẹ́yìn náà, ẹ̀rọ á máa fi dígírì 25 kún un ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan. Lójú kọ̀ǹpútà, ìlà kejì á bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè, á dé ṣóńṣó, á sọ̀ kalẹ̀. Ìlà kejì yìí ni epo tí òkúta náà ṣì lè ṣe, tí ilẹ̀ kò tíì jẹ́ kó ṣe. Bí ooru tó fi dé ṣóńṣó kò bá tó nǹkan bí dígírì 435, wọ́n á ní òkúta náà kò tíì jinná. Gbogbo rẹ̀ kì í ju bí ààbọ̀ wákàtí lọ.

Mo fẹ́ ká wo ìlà méjèèjì yẹn dáadáa. Èkíní jẹ́ ti ohun tó ti ṣẹlẹ̀, èkejì jẹ́ ti ohun tí kò ṣẹlẹ̀, wọ́n sì jọ ń gbé inú ìyẹ̀fun tí kò kún ṣíbí kékeré. Èmi kò mọ ibòmíràn tí èèyàn ti lè wọn ohun tí nǹkan ì bá dà, kó sì kọ iye rẹ̀ sílẹ̀. Àwa èèyàn ń sọ ọ́ nípa ara wa pé ká ní báyìí ni, ká ní bọ́hùn-ún ni, kò sì sí ẹ̀rọ tó lè dá wa lóhùn.

Ṣùgbọ́n ìṣòro kan wà níbẹ̀. Nínú ẹ̀rọ, ooru ju 400 lọ, ìṣẹ́jú ni wọ́n sì fi ń ka àkókò. Nínú ilẹ̀, ooru lè máà ju 100 lọ, mílíọ̀nù ọdún ni wọ́n sì fi ń ka àkókò. Kí ló gbé wa láti ẹ̀gbẹ́ kan dé ìkejì? Ìṣirò kan ni, èyí tí Svante Arrhenius, ará Swídìn, gbé kalẹ̀ ní 1889 láti fi ṣàlàyé bí ooru ṣe ń mú kí ìyípadà kẹ́míkà yára. Ní 1971, N. V. Lopatin ará Rọ́ṣíà mú ọ̀nà kan wá tó rọrùn: bí ooru bá fi dígírì 10 pọ̀ sí i, kí a ka ìyára ìyípadà náà sí ìlọ́po méjì. Bernard Tissot àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Faransé mú un jinlẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ohun tó so kẹ́rójìn pọ̀ kò lágbára bákan náà. Èyí tó rọ̀ á kọ́kọ́ já, èyí tó le á dúró de ooru tó ga jù. Ní 1979 kan náà tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan, Michael Lewan àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà fi òkúta sínú omi nínú ìkòkò irin tí wọ́n dé pinpin, wọ́n mú ooru dé 330 fún ọjọ́ díẹ̀, epo sì jáde tó jọ epo rọ̀bì gidi.

Ọjọ́ díẹ̀ dípò mílíọ̀nù ọdún. Ẹnikẹ́ni tó bá gbọ́ èyí tí kò dá a dúró rò, kò tíì gbọ́ ọ. Ohun tó ń sọ ni pé ọjọ́ àti ooru lè san gbèsè fún ara wọn. Ooru kékeré tó pẹ́ lè ṣe iṣẹ́ ooru ńlá tí kò pẹ́. Ṣùgbọ́n wọn kò dọ́gba: bí ọjọ́ bá di ìlọ́po méjì, iṣẹ́ á di ìlọ́po méjì, nígbà tó jẹ́ pé dígírì 10 péré ló gba ooru láti ṣe bẹ́ẹ̀. Bí òkúta bá sì wà níbi tútù, kò sí iye ọdún tí ayé yìí ní tó lè mú kó jinná. A máa ń sọ pé bó pẹ́ bó yá, gbogbo nǹkan á dára. Ilẹ̀ kò gbà bẹ́ẹ̀. Pípẹ́ nìkan kì í ṣe nǹkan kan.

Ṣé ó tọ́ ká gba irú ìṣirò yìí gbọ́? Ìgbàgbọ́ ni lóòótọ́, mi ò ní fi bò. A gbà pé bí ooru ṣe ń ṣe lónìí náà ló ṣe ní ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn, kò sì sí ẹni tó lè padà lọ wò ó. Ohun tó mú kí ìgbàgbọ́ yìí yàtọ̀ sí àwọn mìíràn ni pé ó gbà kí wọ́n já òun ní irọ́. Ẹni tó ṣe àwòṣe á sọ pé, bí ìtàn mi bá jẹ́ òótọ́, ní kilómítà mẹ́ta sísàlẹ̀ ẹ ó bá òkúta tó ti jinná dé ibi báyìí. Wọ́n á gbẹ́ kànga. Òkúta á dáhùn.

Bó sì ṣe ń dáhùn nìyí. Nínú òkúta amọ̀, a máa ń rí wóró igi tó ti pẹ́, tó ti di dúdú. Bí ooru bá ṣe ń pọ̀ sí i lára rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe máa dán sí i tí wọ́n bá tan iná sí i lábẹ́ máíkírósíkóòpù. Bí ilẹ̀ bá tutù lẹ́yìn náà, kì í padà sí bó ṣe wà. Nígbà tí ìmọ́lẹ̀ tó ń dá padà bá wà láàárín bí 0.6 àti 1.3 nínú ọgọ́rùn-ún, epo ti ń jáde lásìkò yẹn. Òkúta kì í gbàgbé ìyà tó jẹ.

Àmọ́ kì í rántí ọ̀nà tó gbà. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà: òkúta tó rì jìn tí ooru rẹ̀ kò pọ̀, àti èyí tí kò rì jìn tó bẹ́ẹ̀ tí ooru rẹ̀ pọ̀ gan-an, wọ́n lè dán bákan náà lónìí. Ìtàn méjì, mẹ́ta, mẹ́wàá lè parí sí ibì kan náà. Ibi tó tilẹ̀ le jù ni ti ilẹ̀ tí àgbàrá ti gbé lọ. Bí òkúta bíi kilómítà kan bá ti wà lórí ibì kan rí, tí òjò àti odò wá gbé gbogbo rẹ̀ lọ, kò sí nǹkan kan tó kù tí a lè fọwọ́ kàn. Síbẹ̀ ẹni tó ń ṣe àwòṣe gbọ́dọ̀ kọ iye kan síbẹ̀, nítorí òkúta ìsàlẹ̀ ti rù ú nígbà kan, ó sì ti gbóná lábẹ́ rẹ̀. Ohun tí kò sí mọ́ ní láti wà nínú ìṣirò. Bí wọ́n bá kọ òdo síbẹ̀, òdo náà ti di ìtàn, irọ́ sì lè ni.

Níbi tí mo ti rò ó dé yìí ni mo ti rí ohun tí mo gbà pé àwòṣe wà fún. Iye àgbá tó bá jáde ní ìparí kọ́ ni ọ̀rọ̀ tó wà nínú rẹ̀. Ó ń fipá mú ẹni tó ń ṣe é láti sọ síta gbogbo ohun tó fọkàn gbé nípa àtijọ́: èló ni mo rò pé àgbàrá gbé lọ, báwo ni mo rò pé ooru pọ̀ tó, ìgbà wo ni mo rò pé ilẹ̀ rì. Ẹni tó ń sọ ìtàn ìlú, ẹni tó ń sọ ìtàn ìdílé, lè fi ohun tó rò pamọ́ sáàárín ohun tó mọ̀. Ẹni tó ń ṣe àwòṣe kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Àyè òfìfo wà lójú kọ̀ǹpútà tó ń dúró dè é.

Ìtàn kan wà nínú irú iṣẹ́ yìí tó kan ẹ̀jẹ̀ wa, ìyẹn ti Bahia ní Brazil. Ní nǹkan bí ogóje mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn, kò sí òkun láàárín ilẹ̀ Áfíríkà àti Gúúsù Amẹ́ríkà. Ilẹ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í fà, ó ń tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì ń ya. Ní 1978, Dan McKenzie ti Cambridge ṣàlàyé bí èyí ṣe máa ń rí: bí ilẹ̀ bá fà tó sì tẹ́ẹ́rẹ́, ooru ìsàlẹ̀ á súnmọ́ òkè, ilẹ̀ á rì, lẹ́yìn náà gbogbo rẹ̀ á máa tutù lọ díẹ̀díẹ̀. Lára ibi tó ya ni àgbègbè tí wọ́n ń pè ní Recôncavo, yí ká ìlú Salvador. Adágún jíjìn kan gba ibẹ̀. Ẹrẹ̀ tó kó sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ di òkúta amọ̀ tí wọ́n ń pè ní Candeias, òun ló sì bí epo ibẹ̀. Apá yìí kò ya tán. Ibòmíràn ló ya títí ó fi di òkun Àtìláńtíìkì. Ní 1939, ní Lobato, ní ìlú Salvador gan-an, ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí epo ní Brazil.

Recôncavo yìí kan náà ni ilẹ̀ ìrèké tí wọ́n kó àwọn èèyàn wa lẹ́rú lọ, àwọn tí wọ́n ń pè ní Nagô. Wọ́n ń gé ìrèké lórí òkúta tó ti bí epo rẹ̀ tipẹ́tipẹ́. Òkun tó là wọ́n kúrò lára ilé ni òkun tó ṣí nígbà tí ilẹ̀ yẹn ya. Ó máa ń wu òǹkọ̀wé láti so nǹkan méjèèjì pọ̀ níbi báyìí, kó ní ilẹ̀ ti mọ̀, kó ní yíya ilẹ̀ ti ń kéde yíya ẹbí. Mo kọ̀ ọ́. Ilẹ̀ ya nítorí ooru àti ìwúwo. Kò sí ẹni tó yẹ ká bi léèrè. Ìdílé ya nítorí pé àwọn èèyàn tó lórúkọ, tó ní ọkọ̀ ojú omi, tó ní ìwé ìṣirò owó, fọwọ́ ara wọn yà wọ́n. Ẹni tó bá da èyí pọ̀ mọ́ ìyẹn ti dá ẹni tó jẹ̀bi sílẹ̀. Ibi tí ìtumọ̀ ti wọ ayé, lójú tèmi, ni ibi tí ẹnì kan ti wà tó lè jíhìn.

Èyí ló mú mi dé ọ̀rọ̀ tí a máa ń gbọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí, àti lẹ́nu àwọn olóṣèlú nígbà ìbò: pé Ọlọ́run tọ́jú epo sínú ilẹ̀ fún wa. Mo gbà Ọlọ́run gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo bí nǹkan ṣe ń lọ kó tó di epo tí a lè fà.

Nígbà tí kẹ́rójìn bá bí epo, epo náà kì í jáde lójú ẹsẹ̀. Á kọ́kọ́ kún inú ihò wínníwínní òkúta, á lẹ̀ mọ́ ara kẹ́rójìn tó kù. Nítorí pé epo ń gba àyè ju kẹ́rójìn tó ti wá lọ, ìfúnpá á máa pọ̀, òkúta á sán wẹ́wẹ́, epo á gba ibẹ̀ bọ́ síta. Ìgbà wo gan-an ló ń jáde? Ibi tí àwòṣe ti ń yàtọ̀ síra jù nìyí, nítorí kò sí ẹni tó dúró ti òkúta títí tó fi sán. Nígbà tó bá sì jáde tán, òkè ló ń lọ, nítorí ó fúyẹ́ ju omi lọ. Díẹ̀ á há sọ́nà. Bí kò bá sí òkúta tó dé e lórí, á máa lọ títí á fi dé ìsàlẹ̀ òkun tàbí ojú ilẹ̀, á sì ṣòfò. Bí ilẹ̀ bá ká bí ẹní, tó sì di ibi tí epo lè há sí, ó gbọ́dọ̀ ti ká kí epo tó dé. Bó bá ká lẹ́yìn tí epo ti kọjá, ibi ìpamọ́ tó dára jù láyé á wà lófìfo. Àìmọye kànga ni wọ́n ti gbẹ́ sínú irú ibi bẹ́ẹ̀, omi iyọ̀ sì ni wọ́n bá. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ jù lọ nínú epo tí ilẹ̀ ti bí kò sí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ó ti lọ. Agbabu jẹ́ ọ̀kan lára ibi tí a ti rí i nígbà tó ń lọ.

Kódà ohun tí a ń pè ní òfò ń yí padà. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, epo àti gáàsì tó há sínú òkúta tó bí i jẹ́ ohun tí ìṣirò máa ń yọ kúrò: kò jáde, kò wúlò. Ní òpin àwọn ọdún 1990, ilé-iṣẹ́ George Mitchell ní Texas rí ọ̀nà láti fi omi onífúnpá líle la òkúta amọ̀ tí wọ́n ń pè ní Barnett, gáàsì sì tú jáde. Láàárín ogún ọdún, Amẹ́ríkà di orílẹ̀-èdè tó ń fa epo jù láyé. Ohun tó wà nínú òkúta kò yí padà. Àwa tí a ń kà á la yí padà.

Nítorí náà, bí ẹnì kan bá ní wọ́n tọ́jú rẹ̀ fún wa, mo fẹ́ bi í pé: èyí tó ṣòfò sínú òkun ńkọ́, ta ni wọ́n tọ́jú ìyẹn fún? Epo tó jáde kí ilẹ̀ tó ká, ṣé àwọn kan ni wọ́n fi dù? Kì í ṣe pé mo fẹ́ gba ìgbàgbọ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ọ̀rọ̀ pé wọ́n tọ́jú rẹ̀ fún wa ló ń já mi láyà, nítorí ẹni tí wọ́n fún ní ẹ̀bùn kì í jíhìn. Láti ìgbà tí Shell-BP ti rí epo ní Oloibiri, nínú Niger Delta, ní 1956, tí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó o lọ sókè òkun ní 1958, ẹ̀bùn la ń pè é. Ẹ bi àwọn apẹja ibẹ̀ bí omi wọn ṣe rí lónìí.

Ohun kan tún wà. Arrhenius tí ìṣirò rẹ̀ jẹ́ ká mọ bí epo ṣe ń wáyé, òun kan náà ló ṣírò ní 1896 pé bí gáàsì kánbọ́ọ̀nù tó ń ti ara èédú jáde bá pọ̀ sí i nínú afẹ́fẹ́, ayé á gbóná sí i. Ọkùnrin kan ṣoṣo fi ọwọ́ kan ìbẹ̀rẹ̀ àti ìparí ọ̀rọ̀ náà, láàárín ọdún méje, kí ẹnikẹ́ni tó gbẹ́ kànga kan ní Agbabu. Kánbọ́ọ̀nù tó gba ilẹ̀ ní mílíọ̀nù ọdún láti sin, tó sì gbà á ní mílíọ̀nù mìíràn láti sè, ń jáde nínú jẹnẹrétọ̀ wa ní alẹ́ ọjọ́ kan. Kò sí àwòṣe kankan tí mo mọ̀ tí ilẹ̀ ti lè bí epo bá bí a ṣe ń jó o. Nínú Niger Delta, òkúta amọ̀ ìsàlẹ̀ ṣì ń bí epo dònìí. Ọmọ ọmọ wa kò ní bá èyí tó ń bí lọ́wọ́ yìí pàdé.

Ilẹ̀ kò jẹ wá ní àlàyé. Àwa la jẹ ara wa ní àlàyé, ọ̀nà tí àwọn tó ń ṣe àwòṣe sì ń gbà sọ tiwọn, kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n fọkàn gbé sílẹ̀ kí wọ́n tó kọ iye, ni mo fẹ́ kó wọ ìlú. Ọ̀rọ̀ ọ̀dà Oǹdó ti ń lọ tó ń bọ̀ láti ìjọba kan dé òmíràn. Ó dájú pé àwọn tó fẹ́ kó o jáde yóò tún wá, pẹ̀lú aṣọ tó dára àti ìwé tó dán, wọ́n á máa ka bílíọ̀nù àgbá sí yín létí. Ẹ̀yin ará Agbabu, ẹ̀yin ọmọ Òdìgbó, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ jiọ́lọ́jì ní Ìbàdàn, Ifẹ̀ àti Àkùngbá, ẹ má pàtẹ́wọ́ fún iye náà. Ẹ bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n fọkàn gbé kí wọ́n tó dé ibẹ̀: kànga mélòó ni wọ́n gbẹ́, ta ló wọn ọ̀dà inú iyanrìn náà, èló nínú rẹ̀ ni wọ́n rò pé ó ṣeé kó jáde, èló ni wọ́n rò pé yóò ṣòfò, odò wo ni omi ìdọ̀tí rẹ̀ máa ṣàn sí, ta ni yóò sì fọwọ́ síwèé pé òun ló sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó ti ṣọ́bìrì bọ ilẹ̀.